GST láàárọ̀, ilé-iṣẹ́ lọ́sàn-án: báwo la ṣe ń so iṣẹ́ méjèèjì pọ̀ ní ìhà Okun wa?

Ọmọ-Ọ̀wé-Kàbà béèrè:

Ẹ okun o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi.

Kàbà ni mo wà, ní ilẹ̀ Okun ní ìpínlẹ̀ Kogi. Mo ní M.A. nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní GST 111, ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó kan gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, lọ́jọ́ méjì lọ́sẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan. Part-time ni. Ọ̀gá HR (ẹ̀ka tó ń bójú tó òṣìṣẹ́) ní ilé-iṣẹ́ kan lójú ọ̀nà Obájànà ní kí n wá fi ọjọ́ méjì kọ́ òṣìṣẹ́ 20 bí wọ́n ṣe ń kọ rìpọ́ọ̀tù. Ẹnjiníà wà nínú wọn, sẹ́kíúrítì wà níbẹ̀, àwọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ àti ará ìlú náà wà níbẹ̀. Ohun tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì, ìyẹn tense, concord àti àròkọ, ni mo kọ́kọ́ ní kí n kó lọ, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀.

Kí ni kí n kọ́ wọn gan-an? Èló ni kí n pè, ìwé wo ló sì yẹ kó wà lọ́wọ́ mi kí wọ́n tó lè sanwó? Èyí tó ká mi lára jù ni pé, tí mo bá fẹ́ fi iṣẹ́ méjèèjì jẹun títí lọ, ṣé ìtàn, lítíréṣọ̀ àti ìmọ̀ ìrònú tí mo kọ́ máa wúlò, àbí gírámà nìkan ni ilé-iṣẹ́ ń rà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dáhùn ní kíkún. Àdúrà náà dáa, ṣùgbọ́n ẹ fi àlàyé tì í lẹ́yìn.

---

Olùkọ́-Ìyàrá dáhùn:

Àbúrò, okun. Má kó tense àti concord lọ síbẹ̀. Àgbàlagbà tó ti lo ọdún 15 lẹ́nu iṣẹ́ kò ní gbà kí wọ́n máa bi í ní ìyàtọ̀ "has" àti "have" lójú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Á rẹ́rìn-ín músẹ́, á dákẹ́, ọjọ́ méjèèjì á sì lọ bẹ́ẹ̀.

Ìwé wọn ni kó o kọ́kọ́ gbà. Kó o tó kọ ìlànà ẹ̀kọ́ kankan, ní kí HR wá ìwé 10 sí 15 tí àwọn òṣìṣẹ́ kọ láàárín oṣù mẹ́ta sẹ́yìn: rìpọ́ọ̀tù ìjàǹbá, mẹ́mò, ímeèlì, àkọsílẹ̀ ìpàdé, lẹ́tà sí ará ìlú. Kí wọ́n pa orúkọ ènìyàn rẹ́ kó tó dé ọwọ́ rẹ. Tí wọ́n bá ní àṣírí ni, fọwọ́ síwèé pé o ò ní sọ ọ́ síta, tàbí kó o lọ kà á ní ọ́fíìsì wọn kó o má mú nǹkan kan jáde. Tí wọ́n bá kọ̀ pátápátá, fi kún owó rẹ, torí àpẹẹrẹ tó o bá fọwọ́ ara rẹ hun máa gba ọjọ́ púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ, kò sì ní dùn wọ́n tó èyí tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ.

Tí ìwé bá dé, gbé aago sílẹ̀. Ka ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú kan péré, lẹ́yìn náà kó o dáhùn ìbéèrè mẹ́ta: ta ni wọ́n kọ ọ́ sí, kí ni wọ́n fẹ́ kẹ́ni náà ṣe, ìgbà wo ló gbọ́dọ̀ ti ṣe é tán? Èyí tí o ò bá rí dáhùn, ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ rẹ wà. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé ọ́fíìsì lágbègbè wa, ohun tó ń dà á rú ni pé ọ̀rọ̀ gan-an máa ń pẹ́ kó tó dé. Lẹ́tà á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "I am directed to", á tọ́ka sí lẹ́tà mẹ́ta àtijọ́, á kí, á dúpẹ́, ohun tí wọ́n ń béèrè á wá yọjú ní ìpínrọ̀ kẹrin. Apá kan rẹ̀ jẹ́ àṣà ọ́fíìsì tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi sílẹ̀, apá kejì jẹ́ ti ìkíni wa, nítorí náà má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ní kí wọ́n fi gbólóhùn kan kí, kí ohun tí wọ́n ń béèrè wà ní gbólóhùn kejì, kí ìdí rẹ̀ wá tẹ̀ lé e.

Rìpọ́ọ̀tù ìjàǹbá ni kó o fún ní àkókò jù, torí òun ló lè dé ilé ẹjọ́ tàbí ọ̀dọ̀ àwọn adójútòfò. Bó ṣe yẹ kó tò rèé: aago àti ọjọ́, ibi tó ti ṣẹlẹ̀ gẹ́lẹ́, ẹni tó wà níbẹ̀, ohun tí wọ́n fojú rí, ohun tí wọ́n ṣe lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ohun tó kù láti ṣe, ẹni tó máa ṣe é àti ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ ti ṣe é tán. Ohun tí wọ́n rí àti ohun tí wọ́n rò kò gbọ́dọ̀ wà nínú ìpínrọ̀ kan náà. Wàá rí "the valve was not properly closed" tí kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó yẹ kó tì í. Tí wọ́n bá ní àwọn kò fẹ́ dárúkọ ẹnikẹ́ni, ipò iṣẹ́ rẹ̀ tó: "the night-shift operator".

Èdè wa náà máa ń kó bá wọn nínú rìpọ́ọ̀tù. "Wọn" tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo máa di "they", ẹni tó ń kà á lókèèrè á sì rò pé ènìyàn mẹ́ta ló pàṣẹ. "Ó" tiwa kò mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin, nítorí náà "he" máa di "she" láàárín ìpínrọ̀ kan, ẹlẹ́rìí méjì á sì dàrú mọ́ra wọn. "A gbọ́ òórùn gáàsì" máa di "we heard the gas". Ẹni tó ń wádìí á wá máa béèrè pé ṣé ìró gáàsì tó ń jò ni wọ́n gbọ́ ni, àbí òórùn ló ta sí wọn nímú. Ọ̀nà àbáyọ kì í ṣe pé kí wọ́n máa "ronú ní Gẹ̀ẹ́sì". Ní kí wọ́n yọ gbogbo "he", "she" àti "they" kúrò nínú rìpọ́ọ̀tù kan, kí wọ́n fi ipò iṣẹ́ rọ́pò wọn, lẹ́yìn náà kí wọ́n kà á sókè. Àwọn fúnra wọn á rí ibi tí wọn ò mọ ẹni tó ṣe nǹkan.

Ohun kan wà níbẹ̀ tó máa lòdì sí ẹ̀kọ́ kíláàsì rẹ. Nínú àròkọ, a máa ń sọ fún ọmọ pé kó má pe nǹkan kan lórúkọ kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nínú rìpọ́ọ̀tù, nǹkan kan, orúkọ kan. Tí "pump" bá di "machine", tí "machine" tún di "equipment", ẹni tó ń kà á á ka ẹ̀rọ mẹ́ta. Sọ ọ́ fún wọn kedere pé ohun tí olùkọ́ fi fún wọn ní máàkì nígbà náà ni o ń gbà padà lọ́wọ́ wọn báyìí.

Má sì pè é ní "àṣìṣe àwọn Yorùbá" o. Ebira máa wà níbẹ̀, Ígálà máa wà níbẹ̀, Hausa náà. Sọ pé "bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé", kí kálukú fi tirẹ̀ hàn.

Ọjọ́ kìíní, láti aago mẹ́sàn-án sí mẹ́ta: kí wọ́n fi aago ka ìwé ara wọn, lẹ́yìn náà kí wọ́n tún mẹ́mò kan kọ. Ọjọ́ kejì, rìpọ́ọ̀tù ìjàǹbá láàárọ̀, àkọsílẹ̀ ìpàdé lọ́sàn-án. Ìwọ má sọ̀rọ̀ ju ìṣẹ́jú 15 lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Kíkọ ló ń kọ́ ènìyàn ní kíkọ.

---

Ọmọ-Yàgbà-ní-Lọ́kọ́jà dáhùn:

Olùkọ́ ti parí ti inú kíláàsì. Ọ̀rọ̀ owó ni tèmi.

Má ka ọjọ́ tó o dúró níwájú wọn nìkan. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ méjì, iṣẹ́ ọjọ́ méje ni: ọjọ́ kan láti ka ìwé wọn, mẹ́ta láti ṣètò, méjì lọ́hùn-ún, ọ̀kan láti wo ohun tí wọ́n tún kọ kó o sì fi èsì ránṣẹ́ sí HR. Ká ní o pe 400,000 náírà, ó dín díẹ̀ ní 57,200 lójúmọ́, o ò sì tíì yọ owó ọkọ̀ tàbí ti ìtẹ̀wé. Ènìyàn 20 tí kálukú gba ojú ìwé 30, ojú ìwé 600 nìyẹn. N kò ní kó o pe 400,000 o, bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀ ni mo fi hàn ọ́.

Kọ ọ́ sínú ìwé pé owó yẹn wà fún ẹgbẹ́ kan tí kò ju ènìyàn 25 lọ. Tí o kò bá kọ ọ́, wàá dé gbọ̀ngàn láàárọ̀ kó o bá ènìyàn 45, torí owó kan náà ni wọ́n máa san. Ènìyàn 45 kò ṣeé kọ́ ní kíkọ. Ìwàásù lásán ló máa dà.

Ti ìwé: forúkọ iṣẹ́ rẹ sílẹ̀ ní CAC, àjọ tó ń forúkọ òwò sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bíi business name, ṣí àkáǹtì ní orúkọ yẹn, kí o sì ní TIN, ìyẹn nọ́ńbà owó orí. Àwọn tó ń sanwó máa yọ 5% owó orí lára owó olùdámọ̀ràn kí wọ́n tó san án, bí ìlànà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2025 ṣe wí. Lára 400,000, wọ́n á yọ 20,000, wàá gba 380,000. Tí o kò bá ní TIN, ìlọ́po méjì ni wọ́n máa yọ. Business name kì í ṣe kọ́ńpìnnì, nítorí náà àjọ owó orí ìpínlẹ̀ Kogi ló yẹ kí owó tí wọ́n yọ yẹn lọ. Gba ẹ̀rí ìsanwó rẹ̀ lọ́wọ́ wọn, torí wàá fi dín owó orí rẹ kù ní ìparí ọdún. Ẹ̀rí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé, wọ́n á wá san owó orí lẹ́ẹ̀mejì.

Má gbéra láìsí LPO, ìyẹn ìwé tí ilé-iṣẹ́ fi ń gbà pé àwọn gbé iṣẹ́ fún ọ. Kí orúkọ tó wà lórí LPO, ti orí invoice (ìwé tó o fi béèrè owó) àti ti àkáǹtì bára mu, lẹ́tà sí lẹ́tà. Tí LPO bá wà lórúkọ rẹ, tí àkáǹtì wà lórúkọ iṣẹ́, àwọn akáwó á dá a padà, oṣù kan á sì lọ níbẹ̀. Kọ nọ́ńbà LPO sórí invoice. Bèèrè ìdajì owó ṣáájú; tí wọ́n bá kọ̀, ó kéré tán kí wọ́n san owó ìtẹ̀wé àti ọkọ̀. Má sì ná owó tó kù kó tó dé, torí oṣù méjì kò jọ wọ́n lójú.

Nǹkan kan wà tó lè jẹ́ kí HR tètè gbà. Láti 1971 ni ITF, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́, ti wà. Ilé-iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ márùn-ún sókè, tàbí tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún tó mílíọ̀nù 50 náírà, gbọ́dọ̀ san 1% àpapọ̀ owó oṣù ọdún kan fún wọn. Tó bá dá òṣìṣẹ́ rẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́ bí ìlànà ṣe sọ, ó lè gba tó 50% ohun tó san padà. Nítorí náà, bí HR bá ní owó kò sí, bi í bóyá wọ́n ń gba ti ITF padà. Kí ó wádìí lọ́dọ̀ ITF kó tó di ọjọ́ ẹ̀kọ́, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Tìrẹ ni pé kó o fún un ní ìlànà ẹ̀kọ́ tó péye, ìwé tí gbogbo àwọn tó wá fọwọ́ sí lójoojúmọ́, àti rìsíìtì.

Olùkọ́ tó wà ní full-time náà lè ṣe bẹ́ẹ̀: kó forúkọ iṣẹ́ sílẹ̀, kó máa gba iṣẹ́ lọ́jọ́ tí kò bá ní kíláàsì.

---

Ìwé-òun-Ọkọ́ dáhùn:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun fún ti owó, àmọ́ gbólóhùn yín tó kẹ́yìn yẹn lè kó bá ẹni ẹlẹ́ni.

Àfikún Karùn-ún nínú Òfin Ìpilẹ̀ 1999, Apá Kìíní, ìpínrọ̀ 2(b), ní òṣìṣẹ́ ìjọba kò gbọ́dọ̀ lọ́wọ́ nínú ṣíṣàkóso òwò àdáni, àfi tí iṣẹ́ rẹ̀ kì í bá ṣe ti full-time. Apá Kejì ka òṣìṣẹ́ yunifásítì, kọ́lẹ́ẹ̀jì àti ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ tó sì ń náwó lé lórí mọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba. Iṣẹ́ àgbẹ̀ nìkan ni òfin náà yọ sílẹ̀. Nítorí náà, tó o bá wà ní full-time, kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ léèrè tó o bá lọ gbin iṣu sí Búnú. Iṣẹ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó ní CAC tìrẹ ni wọ́n máa bi ọ́.

Ọ̀nà tó tọ́ ni ẹ̀ka consultancy ilé-ẹ̀kọ́ náà. Àwọn ló máa bá ilé-iṣẹ́ ṣàdéhùn, àwọn ló máa gba owó, wọ́n á yọ ìdá tiwọn, wọ́n á san ìyókù fún ẹni tó ṣiṣẹ́. Gba ìdá yẹn lákọsílẹ̀ kó o tó bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń wá. Bèèrè bóyá kí wọ́n tó yọ owó ìnáwó ni wọ́n máa yọ ìdá tiwọn, tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Ìyàtọ̀ rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Àbúrò tó béèrè, part-time lo wà, òfin fi ọ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fún ọ ní full-time, tún gbogbo rẹ̀ tò kó o tó fọwọ́ síwèé. Kí o má sì kọ proposal rẹ sórí ìwé tí orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ yín wà lórí rẹ̀ (letterhead), kódà tí ọ̀gá ẹ̀ka bá ní kò burú.

Ọmọ-Yàgbà-ní-Lọ́kọ́jà: Òótọ́ ni. Mo gbà á padà. Ohun tí mo sọ wà fún àwọn part-time àti àwọn tó dá dúró.

---

Ìyá-Kíláàsì-Gbẹ̀dẹ̀ dáhùn:

Ẹ ti dáhùn ohun tí HR béèrè, ẹ ò tíì dáhùn èyí tó ní ó ká òun lára. Ọmọ mi, ìtàn àti ìmọ̀ ìrònú wúlò, ṣùgbọ́n má fi orúkọ yẹn tà á. Kò sí ilé-iṣẹ́ tó máa ra "humanities". "Bí a ṣe ń wádìí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí méjì" ni wọ́n máa rà, ọ̀kan náà sì ni.

Wo àpẹẹrẹ kan tó wà ní ẹnu ọ̀nà wa. Ní oṣù Kìíní 1897, ọmọ ogun Royal Niger Company, ilé-iṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, wá sí Kàbà kí wọ́n tó lọ sí Bídà láti bá Núpé jagun, Núpé tó ti ń kó ilẹ̀ Okun lẹ́rú láti ìgbà pípẹ́. Ní oṣù yẹn kan náà, ọjọ́ 8, ni ìwé ìròyìn The Times ti London gbé ọ̀rọ̀ akọ̀ròyìn Flora Shaw jáde, níbi tó ti dábàá orúkọ Nàìjíríà. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 1900, Lugard, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, gbé àsíá Gẹ̀ẹ́sì sókè ní Lọ́kọ́jà. Nínú GST 112, ẹ̀kọ́ lórí àwọn ènìyàn Nàìjíríà àti àṣà wọn, ọ̀pọ̀ olùkọ́ á ní kí ọmọ há ọjọ́ wọ̀nyí sórí, á sì parí síbẹ̀. Dípò ìyẹn, fún wọn ní ohun tí aṣojú ilé-iṣẹ́ òwò máa kọ sílé nípa Kàbà, kó o ní kí wọ́n lọ béèrè ohun tí àgbàlagbà ilé wọn gbọ́ nípa ogun Núpé. Kí wọ́n pín ojú ìwé sí mẹ́ta: ohun tí méjèèjì gbà, ohun tí ọ̀kan nìkan sọ, ohun tó máa ṣe ẹni tó sọ ọ́ láǹfààní. Lẹ́yìn náà kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ 150 kọ èyí tí wọ́n gbà gbọ́ àti ìdí rẹ̀.

Gbé ojú ìwé mẹ́ta yẹn kan náà lọ sí Obájànà. Awakọ̀ sọ tirẹ̀, ẹni tó wà ní géètì sọ tirẹ̀. Kí ni méjèèjì gbà? Kí ni ọ̀kan nìkan sọ? Ta ló máa jàǹfààní? Ẹnjiníà kan kò ní mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ìtàn lo ń kọ́ òun.

Ti ìmọ̀ ìrònú, GST 212, náà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo nínú rẹ̀ tó: "lẹ́yìn náà" kì í ṣe "nítorí náà". Wọ́n pààrọ̀ òṣìṣẹ́ ní alẹ́, ẹ̀rọ bàjẹ́ láàárọ̀, rìpọ́ọ̀tù ní òṣìṣẹ́ tuntun ló bà á jẹ́. Kí wọ́n fi ìbéèrè kan tì í: ṣé ẹ̀rọ yìí ti bàjẹ́ rí kí òṣìṣẹ́ yìí tó dé?

Níbi tí ẹ̀kọ́ àṣà ti wọlé jù lọ ni lẹ́tà sí ará ìlú. Olùkọ́ Ìyàrá ní kí ọ̀rọ̀ gan-an wà ní gbólóhùn kejì. Ó tọ́ fún mẹ́mò. Ẹ má dán an wò nínú lẹ́tà sí ààfin o. Ní Kàbà, Ọbáro wà, Ọbadọ́fin wà, Ọbajẹ́mu wà. Tí lẹ́tà bá dé ọ̀dọ̀ ọ̀kan tí àwọn tó kù sì gbọ́ ọ lẹ́nu ará ìlú, ìpàdé tí ilé-iṣẹ́ ń pè lè má jókòó. Lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Kindly be informed", tí kò kí kábíyèsí, tí kò dárúkọ oyè bó ṣe yẹ, àwọn ìjòyè máa kà á gẹ́gẹ́ bí àṣẹ. Nítorí náà, yọ àwọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ará ìlú sọ́tọ̀ fún wákàtí kan ààbọ̀, kó o jẹ́ kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì: sí ọ̀gá wọn ní Èkó, àti sí ààfin. Kò sí ohun tó máa kọ́ wọn ní "ta ni ń ka ìwé yìí" tó ìyẹn. Kí ẹnì kan tó mọ oyè ìlú náà sì yẹ orúkọ àti bí wọ́n ṣe tò ó wò. Ìwọ má dá a ṣe, torí oyè Ìjùmú kì í ṣe ti Yàgbà.

Ní báyìí, ti kíláàsì tìrẹ. Iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kò ní jẹ́ kó o rí àyè máàkì, máàkì ló sì máa ń lé ènìyàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ọmọ 180, àròkọ ojú ìwé méjì, ìṣẹ́jú 8 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: wákàtí 24 fún iṣẹ́ kan ṣoṣo. Tó o bá yí i sí ìpínrọ̀ kan tó jẹ́ ọ̀rọ̀ 150, tó o sì ń wo nǹkan mẹ́ta péré (kókó, ẹ̀rí, bí ẹ̀rí ṣe gbe kókó), ìṣẹ́jú mẹ́ta tó. Wákàtí mẹ́sàn-án nìyẹn. Wàá lè fún wọn ní iṣẹ́ méjì láàárín sáà dípò ẹyọ kan. Kí wọ́n kọ́kọ́ pààrọ̀ ìwé láàárín ara wọn, kí ẹni tó kà á fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn tó rò pé ó jẹ́ kókó. Tí ìlà bá bọ́ síbi tí ẹni tó kọ ọ́ kò rò, á tún un kọ kó tó dé ọwọ́ rẹ. Má ṣe tún gbogbo gírámà ṣe; fi àmì sí etí ìlà tí àṣìṣe wà, kí ọmọ fúnra rẹ̀ wá a.

Àkọ́kọ́ kíkọ gbọ́dọ̀ jẹ́ pẹ̀lú bírò nínú kíláàsì, ìṣẹ́jú 20. Gbogbo wa la mọ ohun tí fóònù ń bá wọn kọ báyìí. Ní ilé-iṣẹ́ ńkọ́, sọ fún wọn pé kí wọ́n má lẹ rìpọ́ọ̀tù ìjàǹbá mọ́ inú ẹ̀rọ tó ń bá ènìyàn kọ̀wé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí orúkọ ènìyàn àti àṣírí ilé-iṣẹ́ ló ń bá a jáde.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Lábẹ́ CCMAS, ìlànà ẹ̀kọ́ ti NUC (àjọ tó ń bójú tó yunifásítì), 70% ẹ̀kọ́ ni NUC ti là kalẹ̀ fún yunifásítì, 30% jẹ́ ti yunifásítì fúnra rẹ̀. Tí ilé-ẹ̀kọ́ yín bá wà lábẹ́ rẹ̀, inú 30% yẹn ni kó o ti dábàá ẹ̀kọ́ kan lórí kíkọ̀wé lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn ìwé tó o tún ṣe ní ilé-iṣẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbà, tó o sì ti yí orúkọ, ibi àti ọjọ́ padà, ni àpẹẹrẹ tí ọmọ kíláàsì kò ní rí nínú ìwé kankan. Gba ìyọ̀ǹda yẹn lákọsílẹ̀. Ẹnu kò tó.

---

Ọmọ-Ọ̀wé-Kàbà:

Ẹ ṣé gan-an, mo ti tẹ gbogbo rẹ̀ jáde. HR ti fèsì. Wọ́n máa fún mi ní ìwé 12. Àmọ́ wọ́n ní kí n fún wọn ní ọjọ́ kan péré, ọ̀gá àgbà fẹ́ jókòó sínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n sì fẹ́ ìwé ẹ̀rí tí a kọ "Certified Report Writer" sí. Kí ni kí n sọ?

---

Olùkọ́-Ìyàrá:

Ọjọ́ kan ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n yọ nǹkan kúrò, má fún un pọ̀. Rìpọ́ọ̀tù ìjàǹbá nìkan. Kọ ọ́ sínú èsì rẹ pé mẹ́mò àti àkọsílẹ̀ ìpàdé kò sí nínú rẹ̀, kí wọ́n má bàa bi ọ́ lẹ́yìn náà. Owó kò sì ní dín sí ìdajì, torí ọjọ́ ìṣètò kò fi bẹ́ẹ̀ dín kù. Tí o bá yọ ọjọ́ kan kúrò nínú méje tí Ọmọ Yàgbà kà, mẹ́fà ló kù.

Ti ọ̀gá àgbà, ẹ má lé wọn. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ìṣẹ́jú 20 ṣí i, kí wọ́n sọ irú rìpọ́ọ̀tù tó máa ń dé orí tábìlì wọn àti ohun tí wọ́n máa ń wá nínú rẹ̀ tí wọn kì í rí, lẹ́yìn náà kí wọ́n padà wá ní ìdajì wákàtí tó kẹ́yìn láti ka èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ tún kọ. Bí ọ̀gá bá wà níbẹ̀ láti àárọ̀, kò sẹ́ni tó máa jẹ́wọ́ pé òun kò mọ ohun tí gbólóhùn kan túmọ̀ sí. HR ló máa bá ọ sọ fún wọn. Kì í ṣe ìwọ.

Má kọ "Certified" o. Àjọ tí òfin fún láṣẹ ló ń fún ènìyàn nírú orúkọ bẹ́ẹ̀. "Ìwé ẹ̀rí pé ó kópa" tó: orúkọ, àkòrí, ọjọ́, iye wákàtí. Kí HR fi àkọtọ́ orúkọ kálukú ránṣẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Orúkọ tí wọ́n kọ lódì sórí ìwé ẹ̀rí máa ń dá ìjà sílẹ̀ ju ẹ̀kọ́ tí kò dára lọ.

Àwọn HR á tún ní kó o pín fọ́ọ̀mù "ṣé ẹ gbádùn rẹ̀". Pín in, àmọ́ má gbé ara lé e. Láti 1959 ni Donald Kirkpatrick, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, ti pín wíwọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sí ipele mẹ́rin: bó ṣe rí lára wọn, ohun tí wọ́n kọ́, ohun tí wọ́n ń ṣe yàtọ̀ lẹ́nu iṣẹ́, èrè tó ti ibẹ̀ wá. Fọ́ọ̀mù yẹn kò kọjá ipele kìíní. Fún tìrẹ, ipele kẹta kò le: lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, gba ìwé 12 tuntun, tún fi aago ìṣẹ́jú kan àti ìbéèrè mẹ́ta yẹn yẹ̀ wọ́n wò, kó o fi iye tó yege nígbà àkọ́kọ́ àti iye tó yege báyìí sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn nínú lẹ́tà ojú ìwé kan. Fi iṣẹ́ yẹn sínú owó láti ìbẹ̀rẹ̀, torí tó bá di lẹ́yìn, ọ̀fẹ́ ni wọ́n máa kà á sí. Lẹ́tà yẹn náà lo máa fi bèèrè ọjọ́ kejì tí wọ́n yọ.

Ọ̀nà Kàbà sí Obájànà tí wọ́n fi kọnkéré ṣe kò ju kìlómítà 43 lọ, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ńlá pọ̀ lórí rẹ̀, nítorí náà tètè gbéra. Mú ìwé títẹ̀ dání fún gbogbo ohun tó o fẹ́ fi projector hàn, mú wáyà ìfàgùn tìrẹ, bírò 30, àti ìwé òfìfo. Kí HR sì kọ ọ́ sínú LPO ẹni tó máa ra epo jẹnẹrétọ̀.